Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Gíráfíìkì ní Yunifásítì àti Ibi tí Ó Ń Gbé Ni Dé

Bí ènìyàn bá jáde nílé ní Gbàgádà ní òwúrọ̀, kí ó tó dé ibùdókọ̀ ni iṣẹ́ àwọn tí ń to àwòrán àti ọ̀rọ̀ pọ̀ yóò ti pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ọ̀rá búrẹ́dì tí ó rà ní orúkọ àti àwọ̀ lára. Omi inú ọ̀rá tí wọ́n ń kiri ní àwòrán ìsun omi. Ọkọ̀ dánfó ní ọ̀rọ̀ àdúrà tàbí ọ̀rọ̀ ìpàṣamọ̀ lẹ́yìn. Pátákó ilé-ìwòsàn ń tọ́ka ọ̀nà fún aláìsàn. Ìwé òṣèlú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri nígbà ìdìbò kò sì tíì ya tán. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó hù fúnra rẹ̀ bí olú. Ẹnì kan ni ó jókòó tí ó ro bí lẹ́tà yóò ti tóbi tó, àwọ̀ wo ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èwo, kí ni ojú yóò kọ́kọ́ rí, kí ni yóò sì rí tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ ẹni náà ni à ń pè ní iṣẹ́ gíráfíìkì.

Orúkọ yìí ṣàjèjì létí, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kò le. Láti to ọ̀rọ̀ àti àwòrán pọ̀ lọ́nà tí ẹni tí ó rí wọn yóò fi tètè mọ ohun tí a fẹ́ kí ó mọ̀, tí kò sì ní ṣì í mọ̀, òun ni iṣẹ́ gíráfíìkì. Ó yàtọ̀ sí iṣẹ́ ayàwòrán tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ayàwòrán lè jí ní òwúrọ̀ kí ó ya ohun tí ọkàn rẹ̀ bá sọ fún un, kí olúkúlùkù sì túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti wù ú. Ẹni tí ń ṣe gíráfíìkì ní ẹni tí ó rán an níṣẹ́: oníbúrẹ́dì, ilé-ìwé, ilé ìfowópamọ́ tàbí ìjọba. Ìránṣẹ́ ni. Àwọn àgbà sì ti wí pé bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, kí a fi jẹ́ ti ọmọ. Oníbúrẹ́dì lè wí pé kí a kọ orúkọ òun gàdàgbà, kí a fi òdòdó yí i ká, kí a sì fi fọ́tò òun sí àárín. Ẹni tí ó mọṣẹ́ yóò gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìjanpata, ṣùgbọ́n kí ó tó mú pẹ́ńsùlù, yóò béèrè irú àwọn ènìyàn tí ń ra búrẹ́dì náà, ibi tí wọ́n ti ń rà á, àti ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn lórí àtẹ. Púpọ̀ nínú ohun tí yunifásítì ń fi ọdún mẹ́rin kọ́ni kò ju bí a ti ń béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ, àti bí a ti ń fi ọwọ́ dáhùn wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn òyìnbó ni wọ́n kọ́kọ́ fi irú òye yìí hàn wá. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta àti ní Ìbàdàn ti mọ bí a ti ń pín ojú aṣọ sí ìgun mẹ́rin-mẹ́rin, tí a ó sì fi iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kún ìgun kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ kí ọ̀kan pa èkejì lára. Nínú àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, wọ́n ya àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó tí a ṣí ní 1929, ẹni tí kò sì mọ lẹ́tà kan nínú ìwé lè ka ìlú Ìbàdàn lára aṣọ náà. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àjọ̀dún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí oyè ní 1935, àwòrán ọba àti ayaba bọ́ sórí àdìrẹ, wọ́n sì sọ aṣọ náà ní Olóba. Bí a bá bi àwọn ìyá wọ̀nyí pé iṣẹ́ kí ni wọ́n ń ṣe, aṣọ ni wọn yóò wí.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ó sọ òye yìí di iṣẹ́ tí a ń gba owó oṣù lé lórí. Abẹ́òkúta náà ni Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní 1859, láti ìgbà náà ni ó sì ti di dandan kí ẹnì kan máa pinnu bí ọ̀rọ̀ Yorùbá yóò ti rí lójú ìwé. Ní 1928 ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà West African Publicity bẹ̀rẹ̀, èyí tí a wá mọ̀ sí Lintas nígbà tí ó yá. Nínú ìwé ìròyìn West African Pilot tí Nnamdi Azikiwe dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1937, Akínọlá Láṣekan ọmọ Ọ̀wọ̀ ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ tí ó ń gún ìjọba amúnisìn bí ẹ̀gún. Bí àwọn ọdún 1950 sì ti dé tí ìdìbò dé pẹ̀lú wọn, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùdìbò kò sì mọ̀wé, àmì ni ẹgbẹ́ òṣèlú kọ̀ọ̀kan fi ń bá ìlú sọ̀rọ̀: igi ọ̀pẹ ni ti Action Group, àkùkọ ni ti NCNC. Àgbàlagbà tí kò mọ A yàtọ̀ sí B mọ ọ̀pẹ, ó sì mọ àkùkọ. Títí di òní olónìí ni ìwé ìdìbò Nàìjíríà ń gbé àmì ẹgbẹ́ síwájú olùdìbò. Bí a bá tẹ àmì méjì tí ó jọra sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹnì kan lè fi ìka tẹ ohun tí kò ní lọ́kàn.

Àpẹẹrẹ kan wà tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé ń kí láràárọ̀ láìmọ̀ pé iṣẹ́ gíráfíìkì ni. Táíwò Akínkúnmi, tí a bí ní Ìbàdàn ní 1936, ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa iná mànàmáná ní Norwood Technical College ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí ó rí ìkéde pé Nàìjíríà ń wá àwòrán fún àsíá tí yóò lò lọ́jọ́ òmìnira. Ó ya àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé, ó sì fi oòrùn pupa sí àárín funfun. Àwọn tí wọ́n ṣe ìdájọ́ yọ oòrùn náà kúrò, wọ́n fún un ní ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn, àsíá náà sì gòkè ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1960. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí a ń pè ní ìdájọ́ nínú iṣẹ́ yìí, kí ó gbìyànjú láti ya àsíá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Oòrùn náà dára, ṣùgbọ́n àsíá tí kò ní in ni ọmọdé lè yà láti inú orí, òun náà ni a lè dá mọ̀ láti òkèèrè nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ ẹ. Kò rọrùn láti yọ ohun tí ó dára kúrò kí iṣẹ́ lè dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ sì ni ó ń lo ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó lè ṣe é. Akínkúnmi kò kọ́ gíráfíìkì. Ó kú ní 2023.

Ọmọ Gbàgádà tí iṣẹ́ yìí bá wù kò ní rìn jìnnà kí ó tó rí i. Ṣómólú wà nítòsí, níbi tí àwọn atẹ̀wé Èkó pọ̀ sí bí eèrà. Òpópó Bájuláyé àti àwọn àdúgbò tí ó yí i ká kún fún ariwo ẹ̀rọ àti òórùn tàdáwà láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Níbẹ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo a máa gba ọwọ́ ènìyàn púpọ̀: ọ̀kan yóò tò ó lórí kọ̀ǹpútà, òmíràn yóò sọ ọ́ di pílétì, ẹ̀kẹta yóò tẹ̀ ẹ́, ẹ̀kẹrin yóò gé e, ẹ̀karùn-ún yóò sì dì í, ṣọ́ọ̀bù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì lè ni gbogbo wọn wà. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ìparí ọdún, páálí oògùn, ìwé ìpolongo ìdìbò, kò sí èyí tí kì í gba ibẹ̀ kọjá. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí ó bá fi oṣù díẹ̀ jókòó ti ọ̀gá rẹ̀ níwájú CorelDRAW yóò máa rí owó díẹ̀díẹ̀ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wọ yunifásítì tó parí ọdún kìíní.

Ohun tí ó ń kọ́ níbẹ̀ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Yóò mọ̀ pé àwọ̀ mẹ́rin péré ni ẹ̀rọ sábà máa ń fi tẹ gbogbo àwòrán aláwọ̀: búlúù bí ojú ọ̀run, pupa tí ó fẹ́ jọ elésè àlùkò, àwọ̀ ìyeyè, àti dúdú. Ẹ̀rọ a máa tẹ̀ wọ́n ní tó-tò-tó tín-tìn-tín tí ojú kò lè yà sọ́tọ̀, ojú fúnra rẹ̀ ni yóò sì pò wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwọ̀ tirẹ̀, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Ìdí nìyí tí àwọ̀ ewé tí ó ń tàn yanranyanran lójú kọ̀ǹpútà fi máa ń ṣú nígbà tí ó bá bọ́ sórí ìwé. Yóò mọ̀ pẹ̀lú pé kí a jẹ́ kí àwọ̀ yọ díẹ̀ kọjá ibi tí ọ̀bẹ yóò gbà, nǹkan bíi mìlímítà 3, kí etí ìwé má bàa ní funfun ráńpẹ́ tí ń ṣeni ní ìtìjú. Àwọn tí wọ́n gboyè jáde ní yunifásítì tí wọn kò mọ nǹkan wọ̀nyí wà, àwọn atẹ̀wé Ṣómólú sì máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Síbẹ̀, ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù nìkan sábà máa ń mọ bí a ti ń ṣe nǹkan ju ìdí tí a fi ń ṣe é lọ. Àná ni ó fi ń ṣe òní: ìwé ìsìnkú tí ó tò fún ẹnì kan ni yóò pààrọ̀ orúkọ inú rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí oníbàárà bá mú ohun tí a kò rí irú rẹ̀ rí wá, ọwọ́ rẹ̀ yóò kọ́. Níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ yunifásítì ti wúlò.

Yunifásítì Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1962, wà ní Àkọkà, lẹ́yìn Bàrígà, kò sì jìnnà sí Gbàgádà. Yaba College of Technology, tí a dá sílẹ̀ ní 1947, kò jìnnà sí i pẹ̀lú. A ń kọ́ iṣẹ́ ọnà yìí ní Ilé-Ifẹ̀, ní Zaria, ní Nsukka àti ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga mìíràn. Ohun kan wà tí ó máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú nígbà tí wọ́n bá ń kọ fọ́ọ̀mù JAMB: ọ̀pọ̀ yunifásítì wa kò fi orúkọ gíráfíìkì pe ẹ̀kọ́ náà. Abẹ́ Fine Arts, Visual Arts, Creative Arts tàbí Industrial Design ni wọ́n sábà máa ń fi í sí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì yan gíráfíìkì nígbà tí ó bá ti wọlé. Ohun tí wọ́n ń béèrè yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ṣe dáadáa nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Fine Art nínú ìdánwò WAEC tàbí NECO yóò rí ìṣòro. Ìwé ìtọ́nisọ́nà JAMB ni ó yẹ kí ó kà, kì í ṣe àhesọ ọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ yunifásítì. Ní polí, ọdún méjì ni ti OND, lẹ́yìn náà ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò jáde lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan kí ó tó padà wá ṣe ọdún méjì ti HND.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó lè dà bí ẹni pé àwọn olùkọ́ kò fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Yíyàwòrán ni: igò, ọwọ́, ènìyàn tí ó jókòó, ènìyàn tí ó dìde. Wọn a máa gbẹ́ igi, wọn a máa mọ amọ̀, wọn a máa po àwọ̀. Àwọn mìíràn máa ń ráhùn pé àwọn kò wá kọ́ iṣẹ́ amọ̀kòkò, ṣùgbọ́n ojú ni wọ́n ń kọ́, nítorí pé ọwọ́ kò lè ya ohun tí ojú kò rí. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀kọ́ lẹ́tà: ìrísí wọn, àyè tí ó wà láàárín wọn, ìdí tí lẹ́tà kan fi rọrùn láti kà láti inú ọkọ̀ tí ń sáré tí òmíràn kò sì rọrùn. Ìtàn iṣẹ́ ọnà wà níbẹ̀, ti Ifẹ̀ àti ti Bìní, ti ilé-ìwé Bauhaus tí ó wà ní Jámánì láti 1919 títí di 1933. Fọ́tò yíyà, àwòrán inú ìwé, páálí ọjà, àwòrán tí ń rìn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń fọwọ́ bà.

Èyí tí ó le jù lọ nínú rẹ̀ ni ọjọ́ ìgbéléwọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò lẹ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ògiri lójú gbogbo kíláàsì, olùkọ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì máa bi í léèrè: èéṣe tí àwọ̀ yìí fi wà níbí? Ta ni yóò ka lẹ́tà tí ó kéré tó báyìí? Bí ó bá dáhùn pé ó kàn wu òun bẹ́ẹ̀ ni, wọn yóò ní kí ó lọ tún un ṣe. Ekún ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ náà nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gba irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kò ní gbọ̀n nígbà tí ó bá dúró níwájú àwọn olórí ilé iṣẹ́ ńlá.

Ní ti àwa Yorùbá, ẹ̀kọ́ lẹ́tà yìí ní ẹrù tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí wọ́n ń ṣe ní òkè òkun kò ní àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn wa, aláìbìkítà yóò sì yọ wọ́n dànù. Ẹni tí ó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín, tí wọ́n wá yọ àmì ìsàlẹ̀ kúrò nínú pátákó rẹ̀, ògèdè ni ó ń dín fún ìlú jẹ, kí ojú má rí ibi! Lórí pátákó ọlọ́gẹ̀dẹ̀ a lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lórí páálí oògùn tí ó ń sọ iye tí ọmọdé yóò lò, kò sí ẹ̀rín níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń sọ ìṣòro yìí di iṣẹ́: Ṣèyí Olúsànyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Afrotype ṣe lẹ́tà kan tí wọ́n pè ní Danfo, láti inú ìrísí àwọn lẹ́tà tí ó wà lára ọkọ̀ dánfó Èkó, ó sì wà nínú àkójọ Google Fonts fún ẹnikẹ́ni láti lò.

Níbo ni àwọn tí wọ́n bá gboyè jáde ń lọ? Ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà ń gbà wọ́n. Erhabor Emokpae, tí ó ṣe àmì àjọ̀dún FESTAC ti 1977 láti inú ìbòjú eyín erin Ìdíà ti Bìní, ṣiṣẹ́ ní Lintas ní Èkó. Àwọn tí ń tẹ ìwé jáde nílò wọn: Bruce Onobrakpeya, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Zaria ní 1958, ni ó ya àwòrán inú ìwé tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ láti inú *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* ti Fágúnwà, tí ó jáde ní 1968. Ilé tẹlifíṣọ̀n, ìwé ìròyìn, àwọn tí ń ṣe sinimá, àwọn tí ń ṣe páálí àti ọ̀rá ọjà, àwọn olùkọ́ ilé-ìwé, kò sí ibi tí wọn kò sí. Èyí tí ó ń pe àwọn ọ̀dọ́ jù lọ nísinsìnyí ni ètò ojú fóònù. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń fi fóònù gba owó tí wọ́n sì ń fi í sanwó pọ̀ ní Èkó, ẹnì kan ni ó sì gbọ́dọ̀ pinnu ibi tí bọ́tìnì yóò wà, ọ̀rọ̀ tí yóò wà lára rẹ̀, àti bí ìyálọ́jà tí kò mọ ìwé púpọ̀ yóò ti mọ̀ pé owó òun ti dé. Bí ètò náà kò bá yé e, owó rẹ̀ lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Irú iṣẹ́ yìí kò dá ààlà mọ̀. Ẹni tí ó wà ní Gbàgádà lè ṣe é fún ilé iṣẹ́ tí ó wà ní ìlú òyìnbó.

A kò gbọ́dọ̀ fi èyí tan ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ṣì ń béèrè pé àwòrán ni ọmọ àwọn fẹ́ máa yà jẹun, ìbéèrè náà kò sì burú, nítorí pé kọ̀ǹpútà wọ́n, iná kì í dúró, oníbàárà púpọ̀ sì gbà pé iṣẹ́ tí a fi orí ṣe kò yẹ ní sísan owó fún. Láti 2022 pẹ̀lú ni àwọn ẹ̀rọ tí ń fi òye àtọwọ́dá yàwòrán ti tàn kálẹ̀, tí wọ́n ń ṣe ní ìṣẹ́jú kan ohun tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ń fi ọjọ́ kan ṣe. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó da àwòrán ẹlòmíràn kọ lọ ni ẹ̀rọ náà yóò kọ́kọ́ lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè lọ dúró ní ọjà Máìlì 12 kí ó wo bí ìyálọ́jà ti ń di fóònù rẹ̀ mú, ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó bá kọ sínú àwòrán sì sábà máa ń ní àṣìṣe tí ẹni tí kò gbọ́ èdè kò lè rí.

Nítorí náà, kò sí ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ Gbàgádà fi ní láti yan Ṣómólú tàbí Àkọkà. Ìsinmi gígùn tó láti fi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé, kí ó sì mọ òórùn tàdáwà kí ó tó wọ yunifásítì. Kí ó ní ìwé kan tí kò ní ìlà, kí ó máa yàwòrán sínú rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó sì máa kọ déètì sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Kí ó tún máa gé ìwé ìpè, ọ̀rá àti páálí tí ó bá wù ú pa mọ́, kí ó kọ ìdí tí wọ́n fi wù ú sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan máa ń ní kí ẹni tí ó fẹ́ wọlé kó àwọn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá, tàbí kí ó jókòó yàwòrán lójú wọn. Bí ọjọ́ náà bá dé, ìwé yìí ni yóò tẹ́ sílẹ̀ lórí tábìlì.